Ta Ló Pa Orin Àná Rẹ́ Lójú Tẹlifíṣọ̀n?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ wò lónìí, nítorí pé èmi náà ti ṣubú rí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe jẹ́ kí n tó gbé kálàmù mi sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò sí iná. Bí ẹni mẹ́fà nínú ẹ̀yin àbúrò mi pé lé fóònù kan lórí, ẹ ń wo fídíò orin Sunny Ade àtijọ́, ẹ sì ń fi aṣọ tí àwọn onílù rẹ̀ wọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú yín kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ohun tí ẹ̀yin ń torí ẹ̀ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn nìyí? Gbogbo ẹ̀ la ń rí lórí fóònù báyìí. Kí wá ni àárò rẹ̀ ń sọ yín sí?" (Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá, mo ti lé lógójì ọdún dáadáa kí n tó padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí.) Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ìdáhùn gan-an ni mo wá kọ síhìn-ín.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn. MTV tí gbogbo ayé mọ̀ mọ orin, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ti àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orin nìkan pa ní Ìlú Ọba lọ́jọ́ tí ọdún 2025 parí. Àwọn tó ti ń wò ó láti kékeré ń dárò. Mo gbọ́ ìròyìn náà, ó sì dùn mí díẹ̀, àmọ́ MTV kọ́ ni mo fi dàgbà. Ohun tí mo fi dàgbà kò ní orúkọ kan pàtó. Orin tí wọ́n máa ń fi dí àlàfo láàárín ètò kan sí èkejì ni.

Ìlú Jọ́ọ̀sì níbí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá ṣòwò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ṣe ṣáájú wọn. Jọ́ọ̀sì yìí kan náà ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1974, nígbà ayé BPTV, ọdún 15 lẹ́yìn tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé àwa ń rí àwọ̀ kankan o. Tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn ni bàbá mi ní, dúdú àti funfun ni, òun nìkan náà ló sì wà lágbo ilé. Berom ni onílé wa, Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wà ní yàrá kejì, ọlọ́pàá ọmọ Ìdómà kan àti ìyàwó rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, àwa sì wà ní iwájú. Bí ó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ wọn ti dé pálọ̀ wa. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó ń dún "píìì" ni a ó kọ́kọ́ máa wò, a ó sì dìde dúró fún orin orílẹ̀-èdè bí ẹni wà nílé-ìwé.

Orin kì í ní àsìkò kan pàtó nígbà yẹn. Bí ètò tó kàn kò bá tíì ṣe tán, orin ni wọn ó gbé sí i. Bí ìròyìn bá parí ṣáájú àkókò, orin ni. O lè wà ní ìdí àdògán tí o ń fẹ́ná, kí o ṣàdédé gbọ́ ìlù, kí o fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ kí o sáré wọlé. Bí o bá pẹ́, ó ti lọ nìyẹn, kò sí bí o ṣe lè dá a padà. Bí àwòrán bá sì ń gbọ̀n, ẹnìkan yóò jáde lọ yí ọ̀pá ẹ́ríà. Yóò máa ké láti òde pé, "Ó ti dáa?" Àwa náà yóò máa ké padà pé, "Kò tíì dáa! Hẹn-ẹn, fi síbẹ̀, fi síbẹ̀!" Ẹni tó di ọ̀pá mú náà kì í rí orin yẹn wò. Tìrẹ lónìí, tèmi lọ́la ni.

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí mi ò lè gbàgbé ni "Ṣeun Rere" tí Christy Essien-Igbokwe gbé jáde lọ́dún 1981. Ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Akwa Ibom lónìí ni obìnrin náà kó tó papòdà lọ́dún 2011, kì í ṣe ọmọ Yorùbá rárá. Síbẹ̀, Yorùbá tó já gaara ló fi ń gba ọmọ níyànjú nínú orin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí èyí ṣe fún ọmọ bíi tèmi. Èmi tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, Haúsá ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ojú máa ń tì mí bí màmá mi bá fi Yorùbá pè mí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi, torí mo rò pé èdè ilé lásán ni, èdè tí wọ́n fi ń báni wí. Ọjọ́ tí mo rí ọmọ ọlọ́pàá Ìdómà yẹn tó ń fi ìbàdí jó "Ṣeun Rere", tí ọmọ onílé wa náà ń gbè é, tí àwọn méjèèjì wá ń bi mí léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọjọ́ náà ni mo di ọ̀gá. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé èdè wa jáde nílé. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìyẹn. Orin tí wọ́n fi dí àlàfo ló kọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn ṣe ń wọ ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo wa la mọ orin Bongos Ikwue, ọmọ Ìdómà, tó máa ń ṣáájú eré "Cock Crow at Dawn", eré àgbẹ̀ tí wọ́n yà lágbègbè wa níbí. Ìgbà tí orin yẹn bá dún, ìyàwó ọlọ́pàá yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ká apá lẹ́yìn, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kọrin. Nígbà tó di ọdún 1989, Sunny Ade àti Onyeka Onwenu gbé "Wait for Me" jáde, orin ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ìgbò ni wọ́n jọ dúró, tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn bí olólùfẹ́ méjì. Àwọn òbí wa wò ó, wọ́n ń fojú gún ara wọn, àwa ọmọdé kò sì mọ ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn kan náà ni Shina Peters gbé "Ace" dé, tí gbogbo ọmọ àdúgbò, Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá, sì di oníjó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé orin àná dára ju tòní lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ẹ̀yin ọmọdé di etí yín bí àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọ̀pọ̀ nínú fídíò ìgbà yẹn kò dùn-ún wò. Wọn ó gbé olórin síwájú òdòdó oníke méjì, yóò máa la ẹnu sí orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa sáré ṣáájú ohùn. Ayàwòrán kan náà ni, kò kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ti tẹ̀ síwájú tó, ẹ wo Clarence Peters, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń darí fídíò orin ní Nàìjíríà lóde òní. Ọmọ bíbí inú Shina Peters ni. Bàbá jó, ọmọ ya àwòrán ijó. Àwòrán ti ọmọ sì mọ́ ju ti ayé bàbá lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tó bá ní kò sí ohun rere nínú tòní, ó kàn ń ṣe ojo sí òtítọ́ ni.

Kí wá ni àárò rẹ̀ ń sọ wá sí? Àkọ́kọ́ ni pé a jọ ń wò ó ni. Orin kan, àsìkò kan, pálọ̀ kan, ẹ̀yà mẹ́rin. Lónìí, ẹni mẹ́rin lè wà nínú yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí olúkúlùkù ki nǹkan bọ etí, kí orin Berom má dé etí Yorùbá, kí ti Yorùbá má dé etí Ìgbò. Fóònù ti mọ ohun tí o fẹ́, ìyẹn náà ló sì ń gbé fún ọ lójoojúmọ́. Nígbà tiwa, ohun tí o kò bèèrè ni wọ́n ń gbé fún ọ, nípa bẹ́ẹ̀ lo sì ṣe ń mọ aládùúgbò rẹ.

Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì fún mi ní àkọlé. Àbúrò mi yẹn ní gbogbo rẹ̀ ló wà lórí fóònù. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o! Ti àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká ló wà níbẹ̀, torí pé ẹni tó fẹ́ràn wọn pọ̀, ẹnìkan ṣáà ti tọ́jú téèpù kan síbì kan. Ti àwọn onílù àdúgbò ńkọ́? Ti ẹgbẹ́ akọrin tí kò ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rí, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló fojú hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀, ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù ti lọ ráúráú.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ènìyàn máa ń bú, pé wọ́n pa téèpù rẹ́, pé wọ́n gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Téèpù wọ́n nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ wo orin àná. Kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. BBC ní Ìlú Ọba ní ètò orin kan tí wọ́n ń pè ní Top of the Pops, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di 2006. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni wọ́n ti pa rẹ́ pátápátá. Bí olówó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ kí tálákà ṣe?

Ṣùgbọ́n èmi kò lẹ́nu láti bú ilé-iṣẹ́ kankan. Ibí yìí ni mo ti ṣubú.

Nígbà tó ṣe, bàbá mi ra ẹ̀rọ fídíò. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orin. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn ó sáré lọ tẹ bọ́tìnì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orin inú rẹ̀ kò fi ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí màmá mi wà lọ jó ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan fún ètò ọdún Kérésìmesì. Onílù mẹ́ta láti àdúgbò wa ló lùlù fún wọn. Màmá mi ló ń lé orin. Gbogbo agbo ilé ló kún pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, onílé wa pàápàá wá. Bàbá mi gbà á sí kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀bẹ kán eyín kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, bí a bá ti kán eyín yẹn, ẹ̀rọ kò ní gbà láti gba nǹkan mìíràn lé ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì fi bírò kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé: "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994, Nàìjíríà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Italy nínú ìdíje ife àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Bàbá mi kò sí nílé, kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kankan. Mo mọ ọgbọ́n kan tí àwọn ọmọ kíláàsì wa kọ́ mi: bí o bá fi sẹ́lótéèpù bo ojú ibi tí wọ́n ti kán eyín, ẹ̀rọ yóò rò pé eyín ṣì wà níbẹ̀. Mo bò ó. Mo tẹ bọ́tìnì. Amuneke gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, a hó yèè. Ó ku bí ìṣẹ́jú méjì kó parí ni Baggio dá a padà, ó sì tún fi pẹnáritì gbá èkejì wọlé nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un. A pàdánù bọ́ọ̀lù. Èmi nìkan ló pàdánù nǹkan méjì lọ́jọ́ náà, mi ò sì mọ̀.

Nígbà tí bàbá mi rí i, wọn kò nà mí. Wọ́n ń fi èékánná họ sẹ́lótéèpù yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀. Màmá mi ló ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre. Ṣé mo ti kú ni? Bí ẹ bá fẹ́ wo ijó, mo ṣì lè jó o." Wọ́n sì jó díẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Màmá mi kú lọ́dún 2009. A ní fọ́tò wọn, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í lé orin. Àwọn ọmọ mi bi mí rí pé báwo ni ohùn Ìyá Àgbà ṣe rí, mo gbìyànjú láti sín in jẹ, wọ́n fi mí ṣẹ̀rín. Mo ti wá orúkọ ẹgbẹ́ wọn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílù mẹ́ta yẹn. Kò sí. Bọ́ọ̀lù Italy tí mo torí rẹ̀ pa á rẹ́, ó wà lórí fóònù gbogbo yín. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ìtumọ̀ òwe yẹn yé mi dé ìdí.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí fún yín ni kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ wa. Lóṣù tó kọjá, mo ka kásẹ́ẹ̀tì fídíò 11 níbẹ̀, lábẹ́ àwọn àsíá àtijọ́. Ọjọ́ Àṣà Yorùbá tí àwọn tó ṣáájú wa ṣe wà níbẹ̀, àti èyí tí ẹnìkan kàn kọ "orin orí TV" sí lára. Funfun funfun bí ìyẹ̀fun ti wà lára méjì nínú wọn. Olú ni. Téèpù kò ju ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lẹ èérún irin mọ́ lára lọ. Bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀ yóò yọ́, àwòrán yóò sì bá èérún lọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó pàápàá kò sí tuntun mọ́: Funai ní Japan, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn láyé, ti jáwọ́ ní oṣù Keje ọdún 2016. Bí èyí tó ṣẹ́kù bá ti bàjẹ́ tán, kásẹ́ẹ̀tì tó dára pàápàá yóò di ike lásán.

Nítorí náà, mo ń fi ojú ìwé yìí bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Owó tí a fẹ́ fi ra fìlà ẹgbẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ ká fi ra ẹ̀rọ fídíò àlòkù kan tó ń ṣiṣẹ́, àti ohun kékeré tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ náà kò le, sùúrù ló gbà. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta gbáko ni yóò gbà. Èyí tó ti hu olú, kí ẹnikẹ́ni má kì í bọ ẹ̀rọ, yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, yóò sì kó ran àwọn yòókù. Ohun tí a bá rí gbà, ká tọ́jú rẹ̀ síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ká kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Orin olórin, ti olórin ni, a kò ní tà á. Ṣùgbọ́n ijó àwọn ìyá wa, tiwa ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí yín. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì tí eyín rẹ̀ ṣì wà, ẹ kán an kíákíá. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Kí ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú fóònù yín. Ẹ̀ ń ya gbogbo nǹkan, àmọ́ bí fóònù bá bọ́ sọ́wọ́ olè ní Terminus lọ́la, mélòó ló ṣẹ́kù fún yín? Bọ́tìnì ìparẹ́ tiyín kò tilẹ̀ nílò sẹ́lótéèpù.

Àbúrò mi tó bi mí léèrè lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìdáhùn mi rèé. Àárò orin tí ẹ̀ ń wò lórí fóònù kò sọ mí. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni.

Ire o.